Iṣẹ́ l'Ékòó, Oorun ní Mówé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, èrò ti kún etí títì márosẹ̀ ní Mówé. "Bẹ́gà! Bẹ́gà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bíríkìlà, òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, gbogbo wọn ń du bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Bẹ́gà l'Ékòó. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan, mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kó wá. "Agége la wà tẹ́lẹ̀, oníbàárà mi. Owó ilé ló lé wa débí."

Bọ́ọ̀sì gbéra. Láti Mówé dé Ìbàfò títí dé Àrépo, ilé ò dá. Òmíràn ò tíì ní fèrèsé, aṣọ sì ti wà lórí okùn níwájú ẹ̀. Kálukú ló gbẹ́ kànga tirẹ̀, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde sí títì. Ìpínlẹ̀ Ògùn nibí. Nígbà ìkànìyàn 2006, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tó ni Mówé àti Ìbàfò, jẹ́ èèyàn 228,851. A ò tíì tún èèyàn kà láti ìgbà náà.

Èkó ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, omi sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, èèyàn 9,113,605 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2006, ìjọba Èkó sì yarí pé àwọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ògùn ju ìlọ́po mẹ́rin ti Èkó lọ. Èèyàn 3,751,140 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà ìkànìyàn 1952, Ìbàdàn ló ní èrò ju Èkó lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì í gbà á gbọ́ tí mo bá sọ ọ́.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró lórí afárá gígùn. Mo wo ìsàlẹ̀: àbàtà odò Ògùn ni, ilé sì ti wọ inú rẹ̀ lápá Ìṣẹrí. Tí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, inú pálọ̀ lomi ń bá wọn. Ó dùn mí pé àìrílẹ̀ lé èèyàn débẹ̀.

Wọ́n sún ìkànìyàn 2023 síwájú. Tó bá dé, mo bẹ yín, ẹ̀yin ará Mówé, Ìbàfò àti Àrépo, ẹ má wọkọ̀ lọ sí ìlú baba yín torí kí wọ́n lè kà yín níbẹ̀. Ibi tí ẹ ń sùn ni kí wọ́n ti bá yín, torí ibẹ̀ lẹ ti nílò ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti títì.