Bí Ọdún Ìkórè Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó rò pé Ìdúpẹ́ Ìkórè, bí a ti ń ṣe é nínú ìjọ wa, ti wà pẹ̀lú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì láti ayébáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Àdúrà ti ọdún 1662 ní ọpẹ́ kúkúrú fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ nínú, ṣùgbọ́n kò ya ìsìn kan sọ́tọ̀ fún ìkórè. Lóòótọ́, ní ìgbà àtijọ́, àwọn ará ilẹ̀ náà a máa mú búrẹ́dì àkọ́so àlìkámà wá sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ; ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, àṣà náà di ohun ìgbàgbé ní ibi púpọ̀.

Ẹni tí ó tún gbé irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde ni Robert Stephen Hawker, àlùfáà ìjọ Morwenstow, ní etíkun Cornwall. Ní ọdún 1843, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ti kó ọkà wọn sí abà, ó pe àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọn péjọ sí iwájú pẹpẹ ní Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, kí wọn sì gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú búrẹ́dì tí a fi ọkà titun ṣe. Àwọn ìjọ mìíràn tẹ̀lé e, àti ní ọdún 1862 àwọn olórí Ìjọ fi ọwọ́ sí ìlànà ìsìn kan fún ìkórè. Ẹ kíyèsí i pé tábìlì Olúwa ni ọ̀nà tí Hawker là fún ọpẹ́ náà. Ní ibẹ̀ olóko àti alágbàṣe jọ kúnlẹ̀, wọ́n sì jẹ nínú búrẹ́dì kan náà.

Ìwà àlùfáà yìí bá ìpè rẹ̀ mu. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 1842, ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Caledonia, tí ó ti ilẹ̀ Scotland wá, fọ́ mọ́ àpáta etíkun náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó yè. Hawker gba ẹni náà sí ilé rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì sin òkú àwọn ìyókù sí ọgbà ilé Ọlọ́run bí ẹni ń sin ọmọ ìjọ. Ère tí a gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀ náà ni a fi sàmì sí ibojì wọn. Ẹni tí ó pe ará ilé sí oúnjẹ kò sé ilẹ̀kùn mọ́ àlejò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1843 kan náà ni Henry Townsend, ọmọ Exeter ní Devon, tí ó bá Cornwall pààlà, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí Ìdúpẹ́ Ìkórè dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà, kò bá wa ní aláìmọ ọpẹ́. Ní ìlú púpọ̀ àwọn baba wa kì í jẹ iṣu titun títí a ó fi ṣe ọdún ìjẹṣu, àti ní ọjọ́ náà a kì í dá jẹ ẹ́. Àwọn ni wọ́n wí pé, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìyìn Rere yí ojú ọpẹ́ náà sí Ọlọ́run alààyè. Kò pa àjọjẹ rẹ́.

Nítorí náà ni ọkàn mi fi bàjẹ́ nígbà tí mo bèèrè opó kan ní ọjọ́ ìkórè, tí a sì sọ fún mi pé ó jókòó sí ilé, nítorí kò rí owó tí a bù fún un san. Owó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ Ìjọ, èmi kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Òfin Mósè ka opó, aláìní baba àti àlejò mọ́ àwọn tí yóò yọ̀ ní àjọ ìkórè. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé, ẹ ka àwọn tí kì í wá, ẹ lọ sí ilé wọn, ẹ sì mú wọn wá jókòó ti yín. Bí àyè wọn bá ṣófo, ọpẹ́ wa kò tíì pé.