Eruku, Ọ́ìlì àti Ẹ́ńjìnnì: Àlàyé lórí Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Ojú Ọ̀nà Oko

Ìfáárà

Ní àwọn ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá lónìí, alùpùpù ni ẹsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn. Òun ni ó ń gbé kòkó jáde láti oko Ìdànrè, òun ni ó ń gbé iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà ní agbègbè Òkè-Ògùn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní abúlé tí mọ́tò kì í dé. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí a bá rán lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní irú ibẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì alùpùpù bá kọṣẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ náà dúró nìyẹn. Àwọn ọ̀nà tí à ń sọ yìí kì í ṣe títì ọlọ́dà. Eruku pupa ni wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ni wọ́n nígbà òjò.

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, kí a sì fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lójú ọ̀nà oko ni eruku tí a gbà láyè láti wọlé. Ẹ́ńjìnnì Honda CG125 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣe irú rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá mọ ọ̀kan ti mọ púpọ̀ nínú wọn.

Ìtọ́jú Yàtọ̀ sí Àtúnṣe

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín ìtọ́jú àti àtúnṣe. À ń tọ́jú ohun tí ó ṣì dára kí ó má baà bà jẹ́. À ń tún ohun tí ó ti bà jẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò náà, sáfíìsì, ti da méjèèjì pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ọlọ́kadà bá sọ pé òun ń lọ ṣe sáfíìsì, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì lásán ni yóò pààrọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń rú èéfín, tí wọn yóò sì tú u palẹ̀. Èyí ju ọ̀rọ̀ gírámà lọ. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni yóò máa dúró di ìgbà tí nǹkan bá bà jẹ́ kí ó tó náwó sí i.

Ìtàn CG125 fúnra rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Honda gbé e jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà, àwọn ènìyàn ń di ẹrù àdìjù lé alùpùpù, wọn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí ó yẹ. Nítorí náà, wọn kò fi kámù sí orí ẹ́ńjìnnì kí ṣéènì máa yí i. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi kámù sí, tí ọ̀pá sì ń ti àwọn fáàfù láti ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó lè fara da ìyà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ìfaradà yìí gan-an ni ó wá ń tan ẹni tí ó ni ín jẹ: nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà kì í tètè kú, a rò pé kì í ṣàìsàn.

Bí Ẹ́ńjìnnì Ṣe Ń Mí

Iṣẹ́ mẹ́rin ni pístìn ń ṣe tẹ̀léra nínú sílíńdà. Ó ń lọ sísàlẹ̀ láti fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù mọ́ra. Ó ń gòkè láti fún wọn pọ̀. Pọ́ọ̀gì a ṣáná sí wọn, agbára iná náà a sì tì í padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gòkè láti ti èéfín jáde. Kí iṣẹ́ mẹ́rin yìí tó parí, ẹ́ńjìnnì ti yí ní ẹ̀ẹ̀méjì.

Sílíńdà CG125 ń gba nǹkan bí mìlílítà 124. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 2,000 ni yóò mí sínú. Bí ó bá ń mí ẹ̀kún sílíńdà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lítà afẹ́fẹ́ 248 ni yóò gbà ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 15,000 ní wákàtí kan. Lóòótọ́, kì í mí ẹ̀kún bí a kò bá fún un níná tán, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. (Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí ṣe iṣẹ́ kíláàsì, àwọn ọmọ tí bàbá wọn ní ọ̀kadà kò ní sùn lọ́jọ́ náà.)

Ẹ jẹ́ kí a wá ronú nípa afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan lójú ọ̀nà oko ní oṣù kejì ọdún. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku pupa náà, yanrìn yìí sì le ju irin sílíńdà lọ. Bí ó bá bá ọ́ìlì pàdé lára ògiri sílíńdà, àdàlù méjèèjì a máa ṣiṣẹ́ bí ohun tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ríìngì tí ó yí pístìn ká yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ògiri sílíńdà náà yóò sì máa jẹ. Agbára tí ó yẹ kí ó ti pístìn yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì yóò sì máa gòkè lọ jóná. Ìgbà yìí ni a ó máa rí èéfín aláwọ̀ búlúù, tí ẹni tó ni ín yóò sì máa ráhùn pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Mẹkáníìkì yóò ní kí ó ra ríìngì tuntun. Bí kò bá sí ẹni tí ó bojú wo ọ̀nà tí eruku gbà wọlé, ọ̀nà kan náà ni ríìngì tuntun yóò bá lọ.

Asẹ́ Afẹ́fẹ́

Asẹ́ afẹ́fẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà, ni ó dúró láàárín ẹ́ńjìnnì àti eruku yìí. Inú àpótí kékeré kan lára alùpùpù ni ó máa ń wà. Àwọn kan jẹ́ fóòmù, àwọn mìíràn sì jẹ́ bébà. Bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń tọ́jú èkejì.

Fóòmù ni a ń fọ̀. Kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a ó fi rún un mọ́. A ó tẹ omi rẹ̀ jáde láàárín àtẹ́lẹwọ́. A kò ní lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ, nítorí pé lílọ́ a máa fà á ya. Bí ó bá gbẹ dáadáa níbi òjìji, a ó da ọ́ìlì mímọ́ sí i, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ títí ọ́ìlì yóò fi kan gbogbo ara rẹ̀, kí a tó tẹ èyí tí ó ṣẹ́ kù jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fo ìpele ọ́ìlì yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Ihò fóòmù tóbi ju eruku kíkúnná lọ. Ọ́ìlì tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni ó ń mú eruku. Fóòmù gbígbẹ lójú ọ̀nà oko kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí ewu iná, àti nítorí pé ó lè tú gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ̀ ẹ́.

Asẹ́ oníbébà ní tirẹ̀, a kì í fọ̀ ọ́, a kì í sì í fi ọ́ìlì kàn án. A lè gbọ̀n ọ́n, tàbí kí a fi afẹ́fẹ́ tí kò le jù fẹ́ ẹ láti inú wá sí ìta. Bí a bá fẹ́ ẹ láti ìta wọ inú, ńṣe ni a ń ti eruku wọ inú ihò bébà náà. Bí ó bá ti ya tàbí tí ọ́ìlì ti rin ín, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn kan máa ń yọ asẹ́ náà jù sígbó pátápátá, wọ́n ní alùpùpù ń sáré dáadáa bí kò bá sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bí asẹ́ bá ti dí, tí a sì yọ ọ́, alùpùpù yóò jí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí a fọ asẹ́ náà ni.

Kí a tó de àpótí náà padà, ó yẹ kí a ti ìka bọ inú ọrùn rọ́bà tí ó lọ láti ibẹ̀ sí kábúrétọ̀. Bí ìka bá kó eruku jáde, a jẹ́ pé eruku ń wọlé láti ibòmíràn: yálà etí asẹ́ kò jókòó dáadáa, tàbí rọ́bà náà ti sán. Gíríìsì díẹ̀ ní etí asẹ́ fóòmù a máa dí àlàfo kékeré. Rọ́bà tí ó ti sán kò ní oògùn ju kí a ra òmíràn lọ.

Ọ́ìlì

Nǹkan bí lítà ọ́ìlì kan péré ni ó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Òun kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún pístìn, fún jíà àti fún kílọ́ọ̀ṣì. Òun ni ó ń gbé ooru kúrò, òun ni ó sì ń kó ìdọ̀tí. CG125 kò ní asẹ́ ọ́ìlì oníbébà bíi ti mọ́tò. Asẹ́ onírin kan ni ó ní, pẹ̀lú àwo kan tí ń yí, tí ó ń fi agbára yíyí ju ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí méjèèjì kò bá mú, inú ọ́ìlì ni ó ń gbé títí a ó fi dà á nù.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná díẹ̀ ni ó dára kí a tú ọ́ìlì sílẹ̀, nítorí pé nígbà náà ni ìdọ̀tí ń léfòó nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ wo bí ó ti kù sí, kí alùpùpù dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ títẹ́, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dídúdú ọ́ìlì kò tó ohun tí a ń bẹ̀rù. Ọ́ìlì tí ń ṣiṣẹ́ yóò dúdú. Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni ọ́ìlì tí ó lọ sílẹ̀, àti ọ́ìlì tí ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Omi ni ó wọ inú èyí tí ó funfun, kò sì gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí pé inú ọ́ìlì yìí ni kílọ́ọ̀ṣì wà, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì mọ́tò ni ó bá a mu. Àwọn kan ní èròjà tí ń mú nǹkan yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kílọ́ọ̀ṣì a sì máa yọ̀ bí alùpùpù bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Àmì JASO MA lára ike ọ́ìlì ni kí a máa wò.

Ọ̀rọ̀ omi mú wa dé ibi odò. Bí alùpùpù bá kú sínú odò, kí a má ṣe tẹ kíìkì rárá. A kò lè fún omi pọ̀ bí a ti ń fún afẹ́fẹ́. Bí omi bá wà lórí pístìn, irin tí ó so pístìn mọ́ ìsàlẹ̀ lè tẹ̀. Kí a tì í jáde, kí a wo àpótí asẹ́, kí a yọ pọ́ọ̀gì, lẹ́yìn èyí ni kí a tó tẹ kíìkì kí omi lè tú jáde.

Àyè Fáàfù àti Àwọ̀ Pọ́ọ̀gì

Àyè kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù àti irin tí ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Mìlímítà 0.08 ni ti CG125, fún fáàfù méjèèjì; ó fẹ́lẹ́ ju ewé ìwé àjákọ lọ díẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni a ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí pístìn wà lókè pátápátá, tí àmì T lára mágínẹ́ẹ̀tì ti bá ojú ìlà mu, tí fáàfù méjèèjì sì padé.

Bí àyè yìí bá fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹni tó ni ín yóò sì sáré lọ bá mẹkáníìkì. Bí ó bá fún jù, kò ní dún rárá. Èyí tí ó dákẹ́ yìí ni ó burú jù. Fáàfù kò ní lè padé tán, iná yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá títí yóò fi jó o jẹ. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó bá fún fáàfù pa kí ariwo lè tán kò ṣe oníbàárà rẹ̀ lóore.

Ní ti pọ́ọ̀gì, kí a kọ́kọ́ nu àyíká rẹ̀ kí a tó yọ ọ́, kí iyanrìn má baà já sínú sílíńdà. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí awọ, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, asẹ́ tí ó dí sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ti ń gòkè. Bí ó bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí rọ́bà ti sán wọlé.

Ẹ́ńjìnnì Oníṣẹ́ Méjì

Irú ẹ́ńjìnnì Suzuki AX100 kò ní irú fáàfù tí a sọ yìí, ọ́ìlì rẹ̀ a sì máa jóná pẹ̀lú epo; nítorí náà, èéfín díẹ̀ kì í ṣe àrùn fún un. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń kọ́kọ́ gbà kọjá kí ó tó dé orí pístìn. Eruku tí ó bá wọlé yóò ba bíárínì ibẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Asẹ́ tirẹ̀ fẹ́ ìṣọ́ra ju ti CG125 lọ.

Ìgbà Tí Ó Yẹ

Ìwé olùṣe a máa fi kìlómítà sọ ìgbà ìtọ́jú. Lójú ọ̀nà oko, kìlómítà kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì tí ó fi jíà kìn-ín-ní wọ́ àpò kòkó gba inú ẹrẹ̀ fún kìlómítà márùn-ún ti ṣiṣẹ́ ju èyí tí ó rin ogún lórí ọ̀dà lọ. Àwọn tí ń fi alùpùpù díje lórí ilẹ̀ gbágungbàgun mọ èyí; wákàtí ni wọ́n ń kà. Ìwé kékeré tí a ń kọ wákàtí sí yóò wúlò fún olùkọ́ abúlé, pàápàá bí aago kìlómítà alùpùpù rẹ̀ bá ti kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó máa ṣí àpótí asẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì ní nǹkan bí ìdajì iye tí ìwé sọ. Nígbà òjò, kí ó máa ha ẹrẹ̀ kúrò láàárín àwọn ìyẹ́ irin ara sílíńdà, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti tutù ni a sì ń da omi sí.

Ọ́ìlì tí a bá tú sílẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí a rọ ọ́ sí. Kí a má dà á sí ẹ̀bá odò tàbí sí ilẹ̀ oko. Èròjà tí ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara wà nínú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò, nítorí náà ọṣẹ ni kí a fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kí a má ṣe fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ bí a ti ń rí i ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ mẹkáníìkì.