Òmìrán Tó Dá Wà àti Òmìrán Tó Ní Ẹlẹgbẹ́

Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fún ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Amadioha àti Equiano ni Nàìjíríà mú. Àwọn ará Ivory Coast pe WASP-15 ní Nyamien, wọ́n pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Asye, orúkọ láti inú ẹ̀sìn àwọn Akan. Tiwọn ló gbà mí lọ́kàn. Equiano ń lo nǹkan bí ọjọ́ 327 kó tó yí ìràwọ̀ rẹ̀ po. Asye kì í lò tó ọjọ́ mẹ́rin. Òmìrán pílánẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ iná tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń bá a gbé?

Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìràwọ̀ WASP-47, tí òmìrán tirẹ̀ ń yípo ní ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rí àwọn méjèèjì: ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ń ṣọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń dín díẹ̀ nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Èmùré ní Èkìtì, ìràwọ̀ méjèèjì máa ń gòkè dáadáa lójú ọ̀run, àmọ́ ojú lásán kò lè rí wọn.

Nígbà tí ìròyìn WASP-47 jáde ní 2012, òmìrán yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ní 2015, àkọsílẹ̀ Kepler, awò tí Amẹ́ríkà gbé sí òfuurufú, fi pílánẹ́ẹ̀tì kékeré méjì hàn: ọ̀kan ń yípo láàárín nǹkan bíi wákàtí 19, èkejì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gba títì Àkúrẹ́ sí Adó kọjá ní Ìkẹ́rẹ́ á ṣe rí òkè Olósùnta láìwá a. Òkúta kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àfi kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ọn pé kí a yára pe òmìrán kankan ní adáwà.

Síbẹ̀, ti Asye yàtọ̀. Òmìrán WASP-47 ń lọ síhà ibi tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yí sí. Asye ń lọ sódì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀nà jíjìn ni irú wọn ti ń wá. Èyí tó bá rọra wọ́ wọlé nínú gáàsì àti eruku tó yí ìràwọ̀ ká lè fi àwọn kékeré sílẹ̀ láàyè wọn. Èyí tí agbára òòfà ẹlòmíràn bá jù wọlé ti lè tú wọn ká, ìrìn òdì Asye sì jọ ti ẹni tí a jù.

Bó bá jẹ́ jíjù ni, ta ló jù ú? Ìbéèrè yìí ló mú kí n gbé wíwá ẹlẹgbẹ́ Nyamien ga ju ti WASP-47 lọ. Ṣíṣọ́ ìmọ́lẹ̀ tó dín kò ní tó fún un, torí pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà kì í sábà gba iwájú ìràwọ̀. Ká wo bí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń mì lọ mì bọ̀ ló kù, bí wọ́n ṣe rí ẹlẹgbẹ́ kẹta ní WASP-47, tó ń lo ju ọdún kan ààbọ̀ lọ láti yípo. Ti Nyamien lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín òru àwọn awò ńlá, màá fún Nyamien ní òru díẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, kàkà kí n kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.