Ògùdù láìsí ọkọ̀ fún òwúrọ̀ kan: ohun tí yóò gbà

Ẹni tó bá gbé Èkó kí ọdún 2016 tó parí yóò rántí Sátidé tó máa ń kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ kì í rìn. Ní Ògùdù, ní Kétu, ní Ìkòsì, àwọn àgbà á wà létí gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn ọmọdé á fi òkúta méjì méjì ṣe ilé góòlù láàárín títì. Èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó kí ará òdìkejì títì láì gbóhùn sókè rárá. Tó bá wá di aago mẹ́wàá, danfo àkọ́kọ́ á fun fèrè, ẹni tó ni bọ́ọ̀lù á sì gbé e.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé bí a bá sọ pé kí àdúgbò kan ní Èkó ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ tí ọkọ̀ kò ní wọ ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí èèyàn ń sọ ni pé àṣà òyìnbó ni, kò lè ṣeé ṣe níbí. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbí. Ó tún ṣẹlẹ̀ nínú Oṣù Kìn-ín-ní 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí ìyanṣẹ́lódì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9. Pápá Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta, tí kò jìnnà sí Ògùdù, ni ọ̀pọ̀ èrò pé sí. Títì Ìkòròdú, níbi tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ kì í ti í tán, wá di ti ẹlẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Lókè òkun, wọ́n ti sọ ọ́ di ètò. Ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì kan pa ní ọjọ́ Àìkú. Lónìí, títì tí wọ́n ń tì níbẹ̀ lé ní 120 kìlómítà, láti aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Ìlú La Rochelle ní Faransé ṣe tirẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 1997, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ 22 Oṣù Kẹsàn-án tí àgbáyé ń lò báyìí ti ṣẹ̀ wá. Nílẹ̀ Áfíríkà, Kigali ní Rwanda bẹ̀rẹ̀ ní 2016, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó tó di ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n tún ń fi àǹfààní ọjọ́ náà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Addis Ababa tẹ̀ lé e ní Oṣù Kejìlá 2018.

Kí ló dé tí tiwa fi parun? Ẹjọ́ ni. Ní Oṣù Kẹta 2015, Adájọ́ Mohammed Idris ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò sófin tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sé aráàlú mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Ìwé òfin ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn fàlàlà. Nínú Oṣù Kọkànlá 2016, ìjọba Èkó fagi lé ètò náà. Ẹjọ́ náà tọ́, lójú tèmi. Èèyàn tó jáde ra oògùn fún ọmọ kò yẹ kó sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyí: ìmọ́tótó sé èèyàn mọ́lé, ọjọ́ àìlọ́kọ̀ ń ṣí ìta fún èèyàn. Ọkọ̀ nìkan ló ń dúró sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lè fẹsẹ̀ rìn, kó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, kó ti bárò. Ìyá àgbà lè gbé àga síta.

Ṣé afẹ́fẹ́ yóò mọ́ sí i? Bẹ́ẹ̀ ni, níbẹ̀ àti ní àsìkò náà. Eruku tó wà nínú èéfín ọkọ̀ kéré débi pé fífẹ̀ irun orí kan tó ọgbọ̀n irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí irun imú kò fi lè dá a dúró kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2018 nìkan, nǹkan bí 11,200 èèyàn ni afẹ́fẹ́ búburú gba ẹ̀mí wọn láìtọ́jọ́ ní Èkó, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí Párísì ṣe tirẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2015, àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ rí i pé gáàsì olóró kan láti inú ẹ́ńjìnnì fi tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láwọn títì kan. Àmọ́ tọ́kọ̀ bá ti padà, èéfín padà nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ kò sì kúrò lẹ́yìnkùlé wa. Òwúrọ̀ kan kò lè wo ẹ̀dọ̀fóró ọmọ sàn. Ó lè jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ń fà símú láwọn ọjọ́ yòókù.

Ibo wá ni ká tì ní Ògùdù? Kì í ṣe Títì Ògùdù gan-an. Òun ló so Ọjọ́ta pọ̀ mọ́ ọ̀nà marosẹ̀ tó lọ sí Third Mainland Bridge, bí a bá dí i, Alápẹ̀rẹ̀ yóò há kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ká má sì súnmọ́ ọ̀nà Mile 12, níbi tí ọkọ̀ tòmátì àti ata ti ń wọlé láti òkè Ọya. Inú àdúgbò ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, òpópónà kan tó ní ọ̀nà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́kọ̀ lè gbà. Ọjọ́ Àìkú kò dára, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbọ́kọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé, aago méje sí mẹ́wàá, kí òde àríyá tó bẹ̀rẹ̀, ni mo fọwọ́ sí.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti oníkórópe ló yẹ ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ògùdù wà, àwọn wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn báyìí. Bí wọn kò bá mọ̀ sí i, iṣẹ́ òòjọ́ wọn la gbà. Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ká fi ibi tí wọn yóò ti máa já èrò hàn wọ́n. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wá, kí ọlọ́pàá àti LASTMA tó ń darí ọkọ̀ náà mọ̀. Ká sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná, kí ẹnikẹ́ni má gbé àga tàbí tábìlì síbẹ̀.

A kò ṣàì mọ bí wọ́n ti ń dí títì. Bí bàbá ẹnì kan bá kú, a ó ta kánópì láti igun dé igun, ọkọ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé ní Ògùdù, ẹ mú òpópónà kan àti Sátidé kan, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Wákàtí mẹ́ta péré ni kí ẹ béèrè fún.