Iṣẹ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Rán Ọmọdé

Tíṣà ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Asese, ní agbègbè Mowe àti Ibafo, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà wa mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti dí, ọjà ti dé nìyẹn. A ó máa ta búrẹ́dì, ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá. A ó sì máa ta paraga àti ọtí inú ọ̀rá pẹ̀lú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn. Mo ní kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ kan tí a rán an, kí ó sì sọ iye ṣéńjì tí ó mú padà. Ọmọbìnrin kan sọ ti tòmátì àti iyọ̀. Òmíràn sọ ti kẹrosínì. Ó wá kan ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó dìde, ó ní: "Bọ̀dá kan ní gáréèjì fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mo ra ọtí inú ọ̀rá méjì, mo ra sìgá méjì, mo sì gba igbó kan lọ́wọ́ bọ̀dá kejì." Ó dárúkọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ̀rún, kò sì ṣì í. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní ó gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dàrú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, àṣìṣe ni. Mo pa ìṣirò tì, mo ya agbárí òkú sí ojú pátákó, mo sì sọ̀rọ̀ títí agogo fi lù. Mo ní ẹni tí ó bá mu igbó, wèrè ni yóò yà. Ẹni tí ó bá mu ọtí, inú kòtò ni yóò kú sí. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, bọ̀dá mi ń mu ún, kò ya wèrè, ó sì ti ra ọ̀kadà." Òmíràn bèèrè bí òórùn rẹ̀ ti rí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo bá àwọn mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ká ewé gbígbẹ sínú bébà, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń fà á. Èmi tí mo fẹ́ lé ejò jáde, èmi ni mo fi ihò rẹ̀ hàn wọ́n.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1983, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní D.A.R.E. ní ìlú Los Angeles. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń rán wọ inú kíláàsì láti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ètò náà tàn káàkiri ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàrin àwọn ọmọ tí a kọ́ àti àwọn tí a kò kọ́. Ní 2009 ni wọ́n yí ẹ̀kọ́ náà padà. Àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀lú ti kọ ìtọ́sọ́nà jáde ní 2013 àti ní 2018. Ohun tí ó sọ ni pé kí a dẹ́rù ba ọmọ nìkan kò tó. Kí a kọ́ ọ bí yóò ti máa sọ èrò rẹ̀, bí yóò ti máa kó ara rẹ̀ níjàánu, àti bí yóò ti máa kọ ohun tí kò dára, kí kíláàsì sì jẹ́ ibi tí ara ti tù ú.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tí ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan. Ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín ni ó pọ̀ jù: ó lé ní 22 nínú ọgọ́rùn-ún. A kò tilẹ̀ ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ìwádìí yẹn kan náà sọ pé, bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ ọdún 19 ni àwọn tí ń mu igbó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi nínú kíláàsì. Ọdún mẹ́wàá ni àyè tí a ní.

Mo wá ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Kí ni ó gbé igbó dé ọwọ́ ọmọ náà? Ìwàkiwà kọ́. Ìgbọràn ni. A ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé kò gbọdọ̀ kọ iṣẹ́ àgbà. Àgbà ní kí ó lọ, ó lọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa gan-an ni ó rọrùn jù láti rán.

Nítorí náà mo yí ẹ̀kọ́ mi padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń dé fìlà bí kọ̀ńdọ́kítọ̀, n ó na owó sí ọmọ, n ó ní, "Ìwọ, lọ bá mi ra ọtí." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò lọ. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ sunkún. A wá kọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní ọ̀wọ̀ nínú: kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó tẹrí ba, kí ó ní, "Ẹ má bínú sà, ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ ra ìyẹn," kí ó sì kúrò níbẹ̀ kíá. Kí ó sì sọ fún àgbà kan nílé. Mo kọ́ wọn pé bí àgbà bá ní kí o má sọ fún ìyá rẹ, ohun náà gan-an ni kí o sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọkùnrin wa dé sí kíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Sà, mo sọ ọ́ bí ẹ ti kọ́ wa. Wọ́n gbá mi létí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ti di ẹrù àgbà lé ọmọ lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá ìyá rẹ̀. Mo bá a nídìí àtẹ, ìgò paraga ni ó tò síwájú. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà. Owó yìí ni mo fi ń ra ìwé fún un." Mo ní, "Mọ́mì, n kò wá bá yín jà. Kí àtẹ wà, ṣùgbọ́n kí ọmọ má wà nídìí rẹ̀." Ó dákẹ́ títí. Nígbà tí ó yá, ó ní òun yóò máa fi í sọ́dọ̀ àbúrò òun tí ń ta ata, bí ó bá ti dé láti ilé ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni èmi àti òun jọ lọ bá àwọn ìyá yòókù tí ń tajà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ wọ́n: kí ẹnikẹ́ni má ta ọtí tàbí sìgá fún ọmọdé, bí ó tilẹ̀ ní a rán òun ni. Mẹ́rin gbà. Ọ̀kan ní bí òun kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, mo mọ̀ pé ọjà le. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di òfin tirẹ̀ ní 2006, kò fàyè gbà á kí a fi ọmọ gbé oògùn olóró. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ìjọba àpapọ̀ kọ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá sì lé ọmọ padà ní ọwọ́ òfo, ẹni tí ó rán an yóò dìde fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó ya agbárí sójú pátákó, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ yín léèrè irú iṣẹ́ tí a ń rán wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí ọmọkùnrin náà láàrin ọkọ̀, ó ń sáré, ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà mi já. Mo tẹ̀ lé e. Omi ni ó ń lọ gbé fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo dúró títí ó fi gba owó rẹ̀, tí ó sì ka ṣéńjì fún ẹni náà. Síbẹ̀, mo ṣì ń wo ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ kí n tó lọ sílé.