Bí Àgékù Aṣọ Ṣe Ń Di Ẹ̀kú

Bí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Kpoulou, ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àgékù àńkárá, etí léèsì, àwẹ́ àrán tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọṣẹ́ á gbá wọn jọ lálẹ́, á kó wọn sínú àpò. Òmíràn á di ìrọ̀rí, òmíràn á di ìnusẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá ibi tiwa yìí, láti Adja-Ouèrè dé Pọ́bẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́ àti Kétu, ibì kan wà tí àgékù aṣọ lè dé tó lọ́lá ju gbogbo ìyẹn lọ. Ara egúngún ni.

Ẹ wo ẹ̀kú, aṣọ egúngún, dáadáa nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. Aṣọ tó wọ́ dé ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀já ni, ọ̀já lórí ọ̀já. Wọ́n á rán àgékù oríṣiríṣi pọ̀ sí àárín ọ̀já kan, wọ́n á fi aṣọ pupa gbá a létí, wọ́n á sì gé etí náà ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ìdí tí wọ́n fi gé e tẹ́ẹ́rẹ́ kò fara sin fún ẹni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo. Bí ará ọ̀run bá yí bírí, gbogbo ọ̀já á nà jáde, atẹ́gùn á sì fẹ́ láti abẹ́ wọn. Ìre ni atẹ́gùn yẹn ń fẹ́ sí èèyàn lára. Aṣọ odidi ò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé lọ́dọ̀ àwọn Tápà ni Ọ̀yọ́ ti kọ́ awo egúngún. Ní ti aṣọ, ẹ̀rí kan wà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Aláàfin sì jẹ́ kó wo ìran àwọn eléré. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé inú àpò ńlá ni wọ́n wà látòkè délẹ̀, àti pé àkísà, sílíìkì dàmáskì àti aṣọ òwú tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ mèremère, ló kún orí wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀. Dàmáskì kì í ṣe ohun tí òfì Ọ̀yọ́ ń hun. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, owó ńlá ni wọ́n fi rà á. Síbẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n sì rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ àkísà, níṣojú Aláàfin tí kò ṣaláìní aṣọ odidi. Àìní kọ́ ló bí iṣẹ́ yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo aṣọ tí òkun bá gbé wá ló ń rí àyè lára ẹ̀kú. Ọ̀kan wà ní Brooklyn Museum ní New York, tí wọ́n rán ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín nǹkan bí 1920 sí 1948. Aṣọ tó lé ní 300 ló wà lára rẹ̀, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà: òwú, sílíìkì, aṣọ onírun àgùntàn, àti èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ní 2019, òun nìkan ni wọ́n fi ṣe odidi ìpàtẹ kan. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin apá ìlà oòrùn Kánádà àti New England náà mọ irú iṣẹ́ àgékù aṣọ yìí lọ́nà tiwọn. Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń tẹ́ àpò ìdọ̀họ, tí wọ́n ń fi irin oníkọ́ fa àgékù aṣọ onírun àgùntàn gba ojú rẹ̀ títí yóò fi di ẹní. Aṣọ tó dára jù ni wọ́n fi ń ṣe òdòdó àárín. Ohun tó bá ṣẹ́kù sínú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á fi kún ilẹ̀ rẹ̀, bí àwọ̀ kan bá tán, òmíràn á gbà á. Lójú tèmi, ilẹ̀ yẹn ló dùn ún wò ju òdòdó lọ. Ní Abomey, níbi tí ìdílé Yèmadjè ti ń rán aṣọ alárà fún àwọn ọba Dahomey láyé àtijọ́, ilẹ̀ aṣọ máa ń jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, kí kìnnìún ọba lè hàn. Ẹ̀kú ò ní kìnnìún kankan láàárín. Àgékù yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ìbojú tí UNESCO kéde ní 2001 bí ogún aráyé, ń jó pẹ̀lú aṣọ àyálò: gèlè, ìró àti ọ̀já ìpọnmọ àwọn ìyá. Bí ijó bá parí, aṣọ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ti egúngún kì í padà. Lọ́dọọdún, ọmọ ilé tó bímọ, èyí tó dìde àìsàn, èyí tó ṣoríire ní Kútọnu tàbí Èkó, á mú aṣọ wá, wọ́n á sì rán an lé ti àná. Wọn kì í tú ti àná kúrò.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ẹ̀kú tí wọ́n ra gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kan, tó ń dán yinrin látòkè délẹ̀. Ó lẹ́wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá gbé ọ̀já tòkè sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ti àtijọ́, ẹ ó rí òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, lábẹ́ ìyẹn, àrán tí gbogbo irun rẹ̀ ti jẹ tán, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán, kí ẹ tó dé òfì aláró àti funfun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí wọ́n fi ń di òkú látijọ́.