Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Sẹ́nétọ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ já jù sílẹ̀

Ṣé ẹni tó bá ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lápò nìyẹn? Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà lórí àléfà gan-an lè bá alátakò pàdé nínú ìdìbò abẹ́lé, àwọn olùdìbò lásán ló sì sábà máa ń yanjú rẹ̀, kì í ṣe àwọn aṣojú tí wọ́n kó jọ sí gbọ̀ngàn kan.

Lisa Murkowski, sẹ́nétọ̀ Alaska, tọ́ ọ wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, agbẹjọ́rò Joe Miller, tí àwọn ajìjàgbara Tea Party àti Sarah Palin, gómìnà Alaska tẹ́lẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀, na án nínú ìdìbò abẹ́lé Republican. Orúkọ Murkowski kò sí lórí ìwé ìdìbò mọ́. Ló bá ní kí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i. Irú orúkọ yẹn! Ó tilẹ̀ ṣe ìpolówó láti fi kọ́ wọn ní sípẹ́lì rẹ̀. Miller lọ sí kóòtù torí àwọn ìbò tí sípẹ́lì wọn kò pé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Alaska kò dá a láre. Murkowski ló wọlé. Láti ọdún 1954 tí Strom Thurmond ti ṣe é ní South Carolina, sẹ́nétọ̀ kankan kò gba ọ̀nà yẹn wọlé ṣáájú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Kò ṣeé ṣe. Òfin wa kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́.

Ní 2020, àwọn ará Alaska dìbò yí ètò ìdìbò abẹ́lé wọn padà: gbogbo olùdíje á jọ wà nínú ìdìbò àkọ́kọ́ kan, mẹ́rin tó bá ṣíwájú á tẹ̀ síwájú. Ní 2022, Trump ti Kelly Tshibaka lẹ́yìn láti lé Murkowski kúrò. Murkowski tún borí.